Ìdánwò Jíìpù ní Ọ̀nà Abà Àgbọ̀nrín

Ẹ̀yin náà ti fura: Alhaji Yésúfù ti mọ jíìpù tó máa gba ipò kìíní kó tó fi rúlà fa ìlà sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ kò lè yan ọkọ̀ bí ẹni tó ń yan ẹ̀pà. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò. Ó gbọ́dọ̀ fún wọn ní máàkì.

"Ìyá Fàdìlàt, gbọ́ ná," ó ké sí ìyàwó rẹ̀ láti orí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn l'Ólódò. "Ìpín kìíní, ọ̀nà oko. Ìpín kejì, ìrìn ojoojúmọ́. Ìpín kẹta, ṣé ọjà náà tó owó tí wọ́n ń pè é? Ó dáa. Hàìláńdà: inú rẹ̀ fẹ̀, ó tutù, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ jù. Ọkọ̀ ẹni tó ń lọ sí báǹkì ni. Ráfù-fọ́ọ̀: kì í mu epo, ó rọrùn láti yí padà lọ́jà, àmọ́ ó kéré."

"Ó kéré sí kí ni?" Mùjíbátù ìyàwó rẹ̀ bèèrè. Ó gbé atẹ ẹ̀wà lé itan, ó ń ṣa òkúta inú rẹ̀.

"Ó kéré lójú."

"Púrádò wá ńkọ́?"

Alhaji bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún. "Púrádò? Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún."

"Ṣé ẹ ti wà á wò ni?"

"Mo ti rí i."

Kì í ṣe owó Alhaji ni wọ́n fẹ́ fi ra jíìpù náà. Àwọn ọmọ mẹ́rin tí wọ́n bí ló dáwó jọ. Fàdìlàt, àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá, ló ṣáájú. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, láti Abà Àgbọ̀nrín, níbi tí oko wọn wà títí di òní, ni Alhaji ti máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Lálúpọn, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn, ìyá wọn a sì máa fẹsẹ̀ tẹ̀ lé wọn, àbúrò wọn lẹ́yìn, ẹ̀gẹ́ lórí. Àwọn ọmọ náà kò gbàgbé. "Ẹ̀yin lẹ gbé wa," Fàdìlàt sọ lórí fóònù. "Ó ti kàn wá láti gbé yín. Ẹ yan jíìpù tó lè dé oko lójò, lẹ́ẹ̀rùn, tí ẹ ó sì lè máa gbé jáde lójoojúmọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ṣe ohun tó bá wù yín. Tó bá di Sọ́ńdè, ẹ fún wa lésì."

Mùjíbátù mọ ohun tó wù ú. Níbi tí òun àti àwọn obìnrin Abà Àgbọ̀nrín ti ń ṣe gàrí, orí ni wọ́n fi ń ru omi tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀gẹ́ láti odò. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò a fà, wọn a máa gbọ́n ẹrẹ̀. Bí wọ́n bá ra Ráfù-fọ́ọ̀, èyí tó máa ṣẹ́ kù á tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ Púrádò ni, kò ní ṣẹ́ ku nǹkan kan. Ó ti sọ ọ́ fún Fàdìlàt, ó sì ti sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin tó mọ ọkọ rẹ̀ kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Alhaji kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó kàn jẹ́ pé mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì ti ní jíìpù ńlá, ó sì ti fi ọdún mẹ́fà wo bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ti orí ẹṣin bọ́ sílẹ̀. Ráfù-fọ́ọ̀ kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Èèyàn kàn máa ń jáde níbẹ̀ ni.

Tọkọtaya náà fẹnu kò pé ọkọ̀ tí wọ́n bá máa rà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Abà Àgbọ̀nrín. Wándé, tó ń ta ọkọ̀ ní Ìwó Róòdù, gbà kí wọ́n wà wọ́n wò. Hàìláńdà ti já nínú ìwé, ó wá ku méjì. Lọ́jọ́rú, Alhaji àti ìyàwó rẹ̀ gbé Ráfù-fọ́ọ̀ lọ. Ó lọ. Ó bọ̀. Mùjíbátù fọwọ́ pa á níwájú bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí, ó ní, "O ṣeun o." Alhaji kọ mọ́kànlélọ́gọ́ta sínú ìwé.

"Háà! Kí ló ṣe yín?"

"Òòrùn ló ràn án lọ́wọ́. Ilẹ̀ ti gbẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sọ ìbéèrè fún kó tó wọ yàrá ìdánwò, ṣé wọ́n ń fún un ní ọgọ́rùn-ún?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, òjò rọ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Inú Alhaji dùn. Ní àárọ̀ Sátidé, òun nìkan ló lọ gba Púrádò. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bá a lọ, ó ní alábẹ̀wò kì í kó èrò dání.

"Alhaji, sà," Wándé wí, "ẹ jẹ́ n fi àwọn ọ̀pá inú ẹ̀ hàn yín kẹ́ ẹ tó máa lọ."

"Wándé."

"Sà?"

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ níwèé?"

"Ẹ má bìínú, sà. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́."

Kí wọ́n tó pe ìrun Alaásárì ló padà dé Olódò. Púrádò ń dán bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Àwọn tó ń fọ mọ́tò ní Lálúpọn ti fọ̀ ọ́ lókè, wọ́n fọ̀ ọ́ nísàlẹ̀. Mùjíbátù wo ọkọ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. Bàtà aláwọ ló wọ̀ jáde. Sílípáàsì ló wọ̀ wọlé.

"Ẹ káàbọ̀ o. Bàtà yín ńkọ́?"

"Ó ń fún mi lẹ́sẹ̀."

"Ọ̀nà wá ńkọ́?"

"Ìyá Fàdìlàt, ó wọnú ẹrẹ̀ yẹn bí ọ̀bẹ ṣe ń wọnú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n."

"Ó sì jáde?"

"Ṣé kì í ṣe òun lò ń wò yìí?"

Ẹ kíyè sí i pé Alhaji kò purọ́. Ó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ka ìròyìn àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ òótọ́ tí kò ní ṣe ẹni tó kọ ọ́ ní nǹkan kan.

Mùjíbátù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Alihamudulilahi. Ọlọ́run tó mú yín lọ tó mú yín bọ̀, mo dúpẹ́. Bó bá jẹ́ òun ló máa gbé yín dé oko láìséwu, ẹ jẹ́ ká rà á. Kànga lè dúró. Odò ò kúkú tíì gbẹ."

Ó wọlé lọ gbé oúnjẹ. Ọpẹ́ náà ṣe Alhaji bákan. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó bá òun jiyàn díẹ̀.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sọ́ńdè, Fàdìlàt pè wọ́n lórí fídíò. Mùjíbátù gbé fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alhaji ṣí ìwé rẹ̀, ó wúkọ́.

"Ìpín kìíní, ọ̀nà oko. Púrádò, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún."

"Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni lọ́jọ́sí," Mùjíbátù sọ.

"Mo fi mẹ́ta kún un fún ìwà ìrẹ̀lẹ̀."

Fàdìlàt ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ọ̀kadà kan fọn fèrè níwájú ilé. Mahfuz, tó máa ń kó èrò láti Abà Àgbọ̀nrín sí Lálúpọn, ló wà á. Bàbá Ishaq, baálẹ̀ abà, jókòó sí àárín; Ìyá Kifayah, olórí àwọn tó ń ṣe gàrí, wà lẹ́yìn, ó gbá àkùkọ kan mọ́ àyà. Iṣu mẹ́fà wà lórí táńkì.

Alhaji rí wọn, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lánàá, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Ó ti gbé ìgboro pẹ́ débi tó fi gbàgbé ìṣe abà: ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ ewu níṣojú wọn, wọn kì í fi í sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tọ̀ ọ́ lọ sílé, wọ́n á kí i. Wọn kì í sì í fi irú ìkíni bẹ́ẹ̀ rán fóònù.

"Ẹ kú ewu o, Alhaji!" Bàbá Ishaq ti ń kí i kó tó kúrò lórí ọ̀kadà. "Ẹ kú ewu! Ewu iná kì í pa àwòdì! Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́!"

"Àmín," Mùjíbátù dáhùn, ó kúnlẹ̀. Ó wá gbójú sókè. "Ewu wo, Bàbá?"

"Dádì, ewu wo?" Fàdìlàt kígbe nínú fóònù.

Alhaji nawọ́ sí fóònù náà, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti mú un. Ó yí ojú fóònù sí àwọn àlejò, ó ní kí ọmọ òun lè kí àgbà dáadáa.

"Ọmọ mi," Ìyá Kifayah bẹ̀rẹ̀, "bàbá ẹ bọ́ sí àbàtà Aláró lójú ọ̀nà abà lánàá. Ẹrẹ̀ dé fèrèsé ọkọ̀!"

"Kò dé fèrèsé, Ìyá. Ìdajì ilẹ̀kùn ni," Mahfuz sọ.

"Ta ló ń ròyìn, èmi àbí ìwọ?"

"Ẹ máa wí, mà."

"Wọ́n ń tẹ iná ọkọ̀, ọkọ̀ ń ké, táyà ẹ̀yìn ń gbẹ́lẹ̀ bí òkété. Mahfuz bi wọ́n pé, 'Bàbá, ṣé ẹ ti fa ọ̀pá fọ́ọ̀ wíìlì, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ ṣiṣẹ́?' Bàbá ẹ ní, 'Èwo ni ọ̀pá yẹn?'"

Mahfuz wo òkè àjà. Alhaji wo ìwé rẹ̀.

"A wá bàtà yẹn títí, Alhaji," Bàbá Ishaq sọ tàánútàánú. "Ilẹ̀ ti gbé e mì."

Mùjíbátù kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló ya Alhaji lẹ́nu. Ńṣe ló tún kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Fàdìlàt náà ń dúpẹ́ tirẹ̀ l'Ábújá.

"Ẹ dìde, ẹ dìde," Bàbá Ishaq ní. "Àwa la jẹ Alhaji lọ́pẹ́. Ta ló kọ̀wé, tó tún kọ̀wé, títí ilé ẹ̀kọ́ wa fi lórùlé? Ẹni mẹ́sàn-án ló ju ọkọ́ sílẹ̀ lánàá, a ò sì bẹ ẹnì kan nínú wọn."

Fàdìlàt nu ojú rẹ̀. "Dádì, ọ̀rọ̀ ti yé mi. Bí ọ̀nà yẹn bá burú tó báyìí, tí Púrádò pàápàá rì, ẹrẹ̀ ì bá ti gbé Ráfù-fọ́ọ̀ mì pátápátá. Ẹ jẹ́ ká ra Púrádò. Ẹ̀mí yín ju gbogbo ẹ̀ lọ. Mọ́mì, ẹ má bìínú nítorí kànga."

"Inú wo ni mo fẹ́ bí?" Mùjíbátù wí. "Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ rántí wa, Ọlọ́run á rántí yín."

Bẹ́ẹ̀ ni Púrádò bọ́ sí Alhaji lọ́wọ́, láìbẹ̀bẹ̀, láìpurọ́. Kó ṣáà ti dákẹ́. Bàbá Ishaq kò mọ ohun tó da kànga pọ̀ mọ́ jíìpù, Mahfuz sì ti ń tú iṣu sílẹ̀. Ìyá Kifayah ló wá na àkùkọ sí i. Awọ ọwọ́ obìnrin náà ti funfun, ó là yánnayànna, bíi ti gbogbo àwọn tó ń fọ ẹ̀gẹ́ nínú omi ẹrẹ̀.

"Ẹ gbà á, Alhaji," ó ní. "Ẹ fi ṣe sàráà ọpẹ́. Ọjọ́ yòówù tẹ́ ẹ bá tún ń bọ̀, a ó wà lójú ọ̀nà."

Alhaji gba àkùkọ. Adìyẹ náà wò ó, òun náà wo adìyẹ. Kò rí ibi tó máa gbé e sí, ìwé ìdánwò wà lórí itan rẹ̀. Ó gbé e lé orí ìwé náà.

"Fàdìlàt," ó wí, "ohun kan wà tí o ò tíì bi mí."

"Kí ni, sà?"

"O ò bi mí pé kí ló fà mí jáde."

"Ṣebí Bàbá ní ẹni mẹ́sàn-án ni."

"Ẹni mẹ́sàn-án tì í, kò mira. Okùn ni wọ́n fi fà á." Ó wúkọ́. "Nọ́ọ̀sì Dorothy, tó ń fún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ló ń ti abà bọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó dúró sórí ilẹ̀ líle, ó so okùn mọ́ mọ́tò tiẹ̀."

"Mọ́tò wo, Dádì?"

Mahfuz lanu, Mùjíbátù gbá a lọ́wọ́ pé kó dákẹ́.

"Ráfù-fọ́ọ̀ ni," Alhaji Yésúfù wí. "Àwọn ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ń fọ́mọ lọ́yàn."