Ọ̀fìnkìn Tó Sọ̀kalẹ̀ sí Ẹsẹ̀

Bàbá Aránṣọ ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò awakọ̀ kan tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lọ́la. Ó di eyín mọ́ra. Láti àárọ̀ ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ta á bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó nídìí. Báyìí gan-an ni àìsàn tó gbé e dé ilé ìwòsàn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fìnkìn lásán ló ṣe é, ó sín, ó wúkọ́, ara rẹ̀ yá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, títí kò fi lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Nígbà tí dókítà sọ pé kòkòrò ọ̀fìnkìn ló fà á, ìyàwó rẹ̀ ní, "Dókítà, imú ni ilé ọ̀fìnkìn. Kí ló ń wá dé ẹsẹ̀?"

Bí àìsàn yìí bá padà, títà ni ẹ̀rọ yóò di, iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

"Ẹ̀rọ yẹn ń kọsẹ̀," obìnrin kan wí lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló kọ́ ọ ní ìrìn nílé ìwòsàn, ó wá wò ó bó ṣe máa ń ṣe. "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, Àǹtí. Òwú ni kò dáa."

"Òwú kì í mú kéèyàn fajú ro."

Ìyàwó rẹ̀ gbé bọ́tìnnì tó ń rán sílẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín. Àbí ẹ fẹ́ kí n tún gbé yín pọ̀n? Ẹ kì í sì í ṣe ẹrù kékeré."

Ó jẹ́wọ́.

Àǹtí ní kó bọ́ bàtà. Ó fi ìdí bírò fa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, Bàbá sì já ẹsẹ̀ gbà. Ó ní kó dìde, kó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró. Bàbá di tábìlì mú.

"Ẹ fi tábìlì sílẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀. Kò ṣubú.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ò lè ṣe èyí," ni Àǹtí wí. "Ẹ gbọ́. Ara ní ọlọ́dẹ tirẹ̀. Kòkòrò ọ̀fìnkìn wọlé, ọlọ́dẹ lé e. Ó lé olè tán, inú ṣì ń bí i, ló bá kọjú kùmọ̀ sí onílé. Iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ẹsẹ̀ ló lù, ó bó èèpo ara rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bó rọ́bà ara wáyà iná. Èèpo yẹn ló ń hù padà. Nígbà tí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ ń ta yín, agbára ń lọ. Nísinsìnyí, agbára ń bọ̀. Iṣan ló ń jí."

"Kí ló wá dé tó ń pariwo tó báyìí?"

"Ẹni tó sùn pẹ́ kì í jí jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá tún ń rọ̀, ẹ má fi pa mọ́. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an."

"Irú ọlọ́dẹ wo lẹ gbà síṣẹ́ yìí, Bàbá wọn?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Èmi kọ́ ni mo gbà á. Ibẹ̀ ni mo bá a."

Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ. Irin náà tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó tutù. Ó rán etí ṣòkòtò dé òpin, ó gé òwú, ó lọ̀ ọ́, ó ká a. Ìyàwó rẹ̀ nawọ́ láti gbà á.

"Jókòó. Èmi ni mo rán an."

Ó mú ọ̀pá tó fi ń rìn, ó gbé ṣòkòtò kọ́ apá, ó sì sọdá títì lọ sílé awakọ̀.