Agolo Ìbọn Nelda

Inú mọ́tò ni Nelda Crowder ti pinnu pé òun ò ní kí Harlan. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀, láti ìgbà tí Harlan ti ta ìpín tirẹ̀ nínú ilẹ̀ bàbá wọn fún àwọn awayanrìn, tí kò sọ fún Royce àbúrò rẹ̀, ọkọ Nelda. Àwọn awayanrìn wà á tán, wọ́n bá tiwọn lọ, ilẹ̀ di igbó, ẹlẹ́dẹ̀ igbó sì sọ ibẹ̀ di ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde wá tú pápá koríko Nelda bí ìgbà tí wọ́n fi katakata wà á. Ó wá jẹ́ pé ní gbogbo apá ibẹ̀ yẹn ní ìlà-oòrùn Texas, ṣọ́ọ̀bù Harlan nìkan ló ní ìwé àṣẹ láti ta ohun tí obìnrin náà ń wá.

Agolo ni wọ́n ń pè é, irin róbótó tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹnu ìbọn kí ariwo rẹ̀ lè rọlẹ̀. Inú mọ́tò ni Nelda ti máa ń yìnbọn sí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà, ìdí nìyẹn tí ìbọn rẹ̀ fi kúrú. Èyí tó gùn kò ṣeé yí síbí yí sọ́hùn-ún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá ìbọn bá ṣe kúrú tó ni ariwo rẹ̀ ṣe ń burú tó. Etí ọ̀tún rẹ̀ ti kú. Dókítà ní bó bá tún yìn ín bẹ́ẹ̀, kódà kó di etí méjèèjì, tòsì á tẹ̀ lé e. Etí òsì yẹn ló sì fi ń gbọ́ Royce. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu ọkọ rẹ̀, ohùn ọkùnrin náà ò ju èémí lọ. Àfi kí Nelda gbé etí òsì sún mọ́ ọn lẹ́nu. Bí etí yẹn bá lọ, Royce ò ní ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ mọ́ láyé yìí.

"Ìyàwó Royce," ni Harlan wí láti ẹ̀yìn káńtà. Ó mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. "Ṣé ẹsẹ̀ ẹ ṣì mọ ọ̀nà ibí?"

"Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ẹ ló lé mi wá." Nelda nàka sí àwọn agolo inú àpótí gíláàsì. "Kékeré yẹn ni mo fẹ́."

Harlan na ọrùn. "Kí lo wí?" Ogójì ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn ti ba etí tirẹ̀ náà jẹ́.

"Mo ní kékeré yẹn!"

"Báwo ni ọ̀pá ìbọn ẹ ṣe gùn tó?"

"Íǹṣì mẹ́wàá."

"Mi ò tà á fún ẹ."

"Kí ló dé? Ṣé o ti tà á fún awayanrìn náà ni?"

Ojú Harlan pọ́n. "Ìbọn gígùn tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Tó o bá dè é mọ́ kúkúrú tìẹ, iná tó ń jáde lẹ́nu ìbọn náà á bẹ́ ẹ mọ́ ẹ lójú. Èyí tó wúwo yìí ni kó o mú."

"Èyí tó wọ́n jù, àbí? O ò ní yí padà láéláé. Olójúkòkòrò!"

Harlan fa ìwé kan yọ nínú páálí agolo kékeré náà, ó jù ú sórí káńtà. "Etí ẹ ló ń lọ, ojú ẹ ò tíì lọ. Kà á."

Nelda kà á. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ dè é mọ́ ọ̀pá tí kò bá tó íǹṣì mẹ́rìndínlógún. Ó dùn ún wọra. Ì bá wù ú kí ọkùnrin náà máa purọ́.

"Gbé èyí tó wúwo wá," ó wí, kò wo ojú rẹ̀.

Ó wá mú ìwé àjọni jáde, èyí tí lọ́yà ti ṣe fún wọn lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, nígbà tí nǹkan ṣì dán mọ́rán. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbẹ̀: ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé náà lè mú ìbọn ìdílé tàbí agolo rẹ̀ lò, ìjọba ò ní mú un. Nelda ò tíì ṣí i wò láti ọjọ́ náà. Harlan ló ṣí i, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú.

"Orúkọ mẹ́ta ló wà níbí. Royce. Ìwọ. Èmi. Gbogbo wa la máa tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ránṣẹ́ kí ìjọba tó gbà kí n kó agolo fún ẹ."

"Lọ́yà á fà ẹ́ tu kúrò níbẹ̀ bí èpò!"

"Royce gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó yọ mí. Ọwọ́ wo ló fẹ́ fi fọwọ́ sí i?"

Ìkà ọ̀rọ̀ gbáà ni, Harlan náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo máa gbé íńkì wá sílé yín lọ́la, aago mẹ́wàá àárọ̀," ó wí. "Bí o ò bá fẹ́, máa dití lọ."

Ó dé lóòótọ́, ó ṣí fìlà. Nelda ò fi kọfí lọ̀ ọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni Royce jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún dì pinpin bó ṣe wà láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti dé. Harlan kúnlẹ̀. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ó ń tú àwọn ìka náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ wọ́n sínú íńkì. Nígbà tí wọ́n tẹ ìka ìkẹyìn, ètè Royce mì.

"Kí ló wí?" Harlan gbé etí kan sí i, ó tún gbé ìkejì sí i. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbójú sókè, omi ti lé ròrò sí i lójú. "Nelda, jọ̀ọ́. Kí ló wí?"

Nelda bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí òsì sún mọ́ ọkọ rẹ̀. Royce tún un sọ: "Harlan, dúró jẹun."

Nelda wo pápá tí ẹlẹ́dẹ̀ ti tú yánnayànna lóde.

"Ó ní kó o máa lọ," ni ó wí.

Harlan palẹ̀ íńkì rẹ̀ mọ́, ó dé fìlà, ó jáde. Ìyàwó rẹ̀ ni Royce ń wò.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìjọba fọwọ́ sí i. Harlan na agolo náà sí Nelda lórí káńtà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Nelda pa ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta láti inú mọ́tò, etí òsì rẹ̀ ò sì hó rárá. Ó ń gbọ́ bí koríko ṣe ń mì. Ó sáré wọlé tọ Royce lọ.

"Mo pa mẹ́ta!" Ó gbé etí sún mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń retí.

Royce ò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì sọ nǹkan kan láti àárọ̀ ọjọ́ íńkì yẹn. Èémí rẹ̀ nìkan ni Nelda ń gbọ́, ó sì ń gbọ́ ọ ketekete.