Òkúta Inú Ìkòkò

Ọwọ́ Arlys ṣì wà nínú omi iyọ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ṣàdédé sọ sí i lọ́kàn: sè. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi ń ha ewéko tó lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì, àwọn ẹja rẹ̀ méjèèjì sì ń sá kiri, inú ń bí wọn sí i. Ta ló ní òun fẹ́ se nǹkan? Ó ti rí ọ̀rọ̀ yẹn níbì kan láàárọ̀ yìí. Kó tó rántí ibi tó ti rí i, àyà rẹ̀ ti kọ́kọ́ já. Ó yọ ọwọ́, kò tilẹ̀ nù ún, omi ń kán tẹ̀lé e títí dé ìdí kọ̀ǹpútà.

Nínú ẹgbẹ́ tí Arlys wà lórí ayélujára, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú iyùn ààyè àti ẹja òkun sínú àpótí gíláàsì nínú ilé, Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń kí àlejò. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, akọ̀wé ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ń gbé ní Duluth, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù márùn-ún, tí òkun jìnnà débi pé inú ike ni wọ́n ti ń fi iyọ̀ po omi òkun tiwọn. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ yìí ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó béèrè ìbéèrè kan, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló sì fi ń ṣọ́ ìdáhùn. Ẹja rẹ̀ ti kú kó tó dé. Ó búra lọ́jọ́ náà pé kò sí àlejò kankan tí yóò tún gba ẹnu-ọ̀nà yẹn wọlé láìjẹ́ pé òun kí i káàbọ̀.

Ó sì ń kí wọn lóòótọ́. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń kọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àlejò wá pọ̀ tí apá ò ká a mọ́, ó jókòó lọ́jọ́ kan, ó kọ ìkíni kan tó dùn bí oyin, ó sì fi í pamọ́. Láti ìgbà náà, orúkọ nìkan ló ń pààrọ̀. Láàárọ̀ Sátidé yìí, àlejò mẹ́sàn-án ló kí kí ife kọfí rẹ̀ àkọ́kọ́ tó tutù, inú rẹ̀ sì dùn sí ara rẹ̀ bí ẹni tó gbálẹ̀ àgbàlá tán.

Ẹnì kẹfà nínú wọn ni Hollis. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, kò sí àlàfo nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ rọ́ jọ bí aṣọ inú àpò. Arlys wá ọ̀rọ̀ “sè” náà lọ sísàlẹ̀, ó sì rí i. Hollis ní àpótí àlòkù kan ni òun rà, òkúta inú rẹ̀ kún fún àwọn nǹkan pupa rúsúrúsú kan tó dà bíi bọ́tìnnì, òun ò sì fẹ́ wọn. Òun fẹ́ gbé òkúta náà sínú ìkòkò, kí òun sè é kí wọ́n lè kú, kí ọmọ òun tó dé ní aago kan ọ̀sán. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Lábẹ́ ìbéèrè yìí ni ìkíni Arlys jókòó sí, ó ń rẹ́rìn-ín: “Ẹ káàbọ̀, Hollis. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín, ohun tí ẹ dáwọ́ lé dára púpọ̀. Ẹ má fòyà, ẹ tẹ̀síwájú. Ọwọ́ rere lẹ bọ́ sí.”

Hollis sì ti fèsì ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá: “Ẹ ṣeun mà. Ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e kaná.”

Aago ara ògiri ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá mọ́kànlá.

Kò sí ẹni tó pẹ́ nínú ẹgbẹ́ yìí tí kò mọ ohun tí bọ́tìnnì wọ̀nyẹn jẹ́. Nǹkan ẹlẹ́mìí ni wọ́n. Bí wọ́n bá wà nínú omi wọn jẹ́ẹ́, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n oró tó wà lára wọn burú ju ti ejò lọ, ẹni tó bá sì sè wọ́n, ooru yóò gbé oró náà kiri ilé, yóò da tajá-tẹran dùbúlẹ̀. Àlejò ni kì í mọ̀. Nítorí kí wọ́n má baà ṣe irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá béèrè.

Ìka Arlys tó tutù ń yọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó kọ ọ́ pé kó pa iná, kó má ṣí ìkòkò, kó jáde síta kíákíá. Kò sí èsì. Ó tún un kọ. Àmì tó ń fi hàn pé ènìyàn wà lórí ìlà ti kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Hollis. Ó pe Oyler, alábòójútó ẹgbẹ́ náà, tó ń gbé ní Arizona. Oyler ní àdírẹ́sì ímeèlì nìkan ni Hollis fi sílẹ̀, ó sì kà á fún un. Arlys kọ̀wé síbẹ̀, bákan náà ló rí. Ó pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ọmọbìnrin tó gbé e fi sùúrù bi í pé ibo ni ilé náà wà. Arlys ní Louisiana ni, nítorí Hollis ti kọ ọ́ pé ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń kó edé lòun ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ níbẹ̀.

“Louisiana tóbi, mà,” ni ọmọbìnrin náà wí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ta wá ni àgbà ọjà yìí? Òun Arlys ni. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí orí ọmọ ń wọ́, ó sì kí ìyá ọmọ kú ọwọ́ lómi. Ojú tì í gidigidi.

Wendell ọkọ rẹ̀ wọlé láti ilé ìdáná, ọ̀bẹ ọ̀dùnkún lọ́wọ́. Ó bi í bóyá ó ti kí gbogbo ayé tán, àbí ó ku ẹnì kan. Ìgbà tó rí ojú ìyàwó rẹ̀ ló gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Arlys rojọ́ náà fún un wótòwótò, ó ń fò láti orí kan sí òmíràn, àmọ́ Wendell gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì níbẹ̀.

“Ṣé ó fi fọ́tò sí i?” ló bi í.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Wendell fi pín lẹ́tà káàkiri ìlú. Bí lẹ́tà bá rún, tí òjò pa á, tí wọ́n kọ ọ́ bí ìrìn akàn, Wendell yóò mọ ilé ẹni tó ń lọ. Fọ́tò mẹ́ta ni Hollis fi sí i. Arlys ti ń wo àpótí àti òkúta inú rẹ̀. Wendell kò wò wọ́n rárá. Ẹ̀yìn wọn ló ń wò, níbi tí fíríìjì funfun kan wà, tí kàlẹ́ńdà kan lẹ̀ mọ́ lára.

“Fẹ̀ ẹ́ sí i. Ó tó. Táyà Alcide, Houma, Louisiana.” Wendell tẹ̀ síwájú, ó ń ka àkọlé kàlẹ́ńdà náà. “Nọ́ńbà fóònù nìyí, àyàfi èyí tó gbẹ̀yìn.”

Òòfà kékeré kan tí wọ́n ṣe bí edé ló jókòó lé nọ́ńbà ìkẹyìn lórí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò láti òdo. Òdo kò lọ. Ní ení, arúgbó kan gbé e, ó rò pé ọmọ òun ló ń pè, ó fẹ́ máa ròyìn ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Arlys bẹ̀ ẹ́, ó sì gé ìpè náà. Èjì ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ẹ̀ta jẹ́ ilé ìjọsìn. Bí ó ti ń tẹ ẹ̀rin, ó ń wo aago, ó ń ro ìkòkò náà lọ́kàn, bí omi rẹ̀ yóò ti máa hó kutukutu báyìí.

“Alcide nìyí.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Mò ń wá Hollis kan, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ edé. Kàlẹ́ńdà yín wà nílé rẹ̀.”

“Hollis? Ọjọ́ Túsìdeè la pààrọ̀ táyà iwájú rẹ̀. Kí ló ṣe?”

“Ó ń se òkúta.”

“Mà,” ni Alcide wí jẹ́jẹ́, “ṣé ara yín yá?”

“Òkúta inú òkun ni, olóró ni. Ooru rẹ̀ lè pa á. Mo bẹ̀ yín, ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ níbẹ̀ ní aago kan.”

“Celeste?” Ohùn ọkùnrin náà yí padà. Arlys gbọ́ tí irin kan já bọ́ lulẹ̀. “Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni síbẹ̀.”

“Ẹ má wọlé o. Ìta ni kẹ́ ẹ ti máa pè é. Kẹ́ ẹ sì pe panápaná lójú ọ̀nà.”

Ó ti lọ. Arlys gbé fóònù sórí itan, ó sì jókòó. Wendell fi tówẹ́ẹ̀lì nu ọwọ́ rẹ̀ fún un, ìka kan lẹ́yìn ìkejì. Ní ojú kọ̀ǹpútà, àlejò tuntun mẹ́rin ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò dá wọn lóhùn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, tirẹ̀ sì ti fọ́ sí ilé ìdáná ẹni ẹlẹ́ni. Ó gbìyànjú láti gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò rí gbólóhùn kankan tí kò jọ ìkíni tó ń dà kọ.

Aago méjìlá lù. Ìdajì wákàtí kọjá. Ó fẹ́ pe Alcide padà, Wendell ní kó má dí ìlà mọ́ ọn. Nígbà tí fóònù dún ní kété tí aago kan kọjá, Wendell ló bá a tẹ̀ ẹ́.

Alcide ní orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ni òun ti bá Hollis. Òórùn ìkòkò náà ló lé e jáde, àmọ́ ó ti ń padà wọlé lọ rò ó, ó tó ìgbà mẹ́ta. Ó ká jọ, ó ń gbọ̀n, ó ní ẹnu òun ń ta bí ẹni lá irin, òun ò sì mọ̀ ọ́n lára mọ́ bí òun bá fọwọ́ kàn án. Àwọn panápaná fi ìbòjú wọlé lọ pa iná. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Alcide ti dúró lójú títì, ó sì dá mọ́tò ìyá Celeste, tó ń gbé ọmọ náà bọ̀, padà níbẹ̀. Arlys sunkún, kò fi pamọ́.

Lọ́sàn-án, Oyler kọ ọ́ sójú gbogbo ẹgbẹ́ pé Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà gba ẹ̀mí là. Kí aago mẹ́ta tó lù, ìkíni ti lé ní igba. Wọ́n ní irú Arlys ṣọ̀wọ́n, wọ́n ní kí Ọlọ́run dá a sí. Ó ka bíi mẹ́wàá nínú wọn, ó yí ojú kúrò. Kò sí ẹnì kan tó wo òkè díẹ̀, kó ka ìkíni tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí Hollis láàárọ̀ àti aago tó wà lára rẹ̀.

Ní ìdajì wákàtí kí aago márùn-ún tó lù, Hollis fúnra rẹ̀ pè. Alcide ló fún un ní nọ́ńbà. Ohùn rẹ̀ há, ó ń wúkọ́ láàárín ọ̀rọ̀.

“Ṣé Màmá Arlys nìyí?”

“Èmi ni, ọmọ mi. Báwo lara?”

“Wọ́n ní n ó sùn síbí, àmọ́ ara mi á yá. Mo ní kí n dúpẹ́ ni, mà. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni mo ti béèrè kí n tó wá sọ́dọ̀ yín. Ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Tiyín nìkan ló dé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á.”

Wendell gbójú sókè láti ìdí ọ̀dùnkún rẹ̀. Arlys lè ní kó má dúpẹ́, pé ojúṣe òun ni. Gbólóhùn náà ti wà ní ètè rẹ̀, ó dán, ó ti ṣe tán.

“Hollis,” ló wí, “mi ò ka tiyín.”

Ẹ̀rọ kan ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà. Arlys ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

“Mo kọ ọ́ pé mo kà á. Irọ́ ni. Orúkọ yín ni mo wò, mo fi kún èyí tí mo ti kọ sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́.”

Hollis wúkọ́ títí. Arlys dúró de èébú. Ó tọ́ sí i, ó sì fẹ́ gbà á.

“Ṣé ó wà níwájú yín?” ni Hollis bi í.

“Ó wà níbí.”

“Ẹ kà á báyìí, mà.”

Arlys wọ awò ojú rẹ̀. Ó kà á sókè: “Orúkọ mi ni Hollis. Mo ní ọmọ kan, Celeste, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ìgbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ ti pínyà, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ tó bá wá. Lóṣù tó kọjá, a jókòó níwájú àpótí ẹja kan ní ọ́fíìsì oníṣègùn eyín, ó sì bi mí ní ìbéèrè méje léra wọn. Mo kọ wọ́n sílẹ̀ nígbà tí mo délé. Mi ò mọ ìdáhùn ọ̀kankan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, àwọn nìyí. Àkọ́kọ́, ṣé ẹja máa ń mọ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ?”

Arlys mọ ìdáhùn rẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ kà á dé òpin.