Àwọ̀ Eérú Lórí Àwòrán Omi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn, ẹ ṣọ́ra fún ibi tí a bá kùn ní àwọ̀ eérú. Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ mi díẹ̀.

"Pupa yìí ti pọ̀ jù," ni olóòtú wa wí. Ó dúró lẹ́yìn àga mi, ó ń fi bírò gbá mi léjìká. Àwòrán ilẹ̀ ìlú wa tí mo yà ló wà lójú kọ̀ǹpútà: ibi tí omi rẹ̀ dára ní àwọ̀ ewé, ibi tí májèlé wà nínú omi ní pupa. Àdúgbò tó yí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe awọ bàtà ká pọ́n bí ojú egbò.

"Ọ̀gá, ohun tí àwọn tó yẹ omi wò fi ránṣẹ́ nìyẹn."

"Ta ló ní wọ́n purọ́? Kùn ún ní àwọ̀ eérú. Ìyẹn ò sọ pé ó dáa, kò sì sọ pé kò dáa. Àbí tí àwọn aláwọ bá kó ìpolówó wọn kúrò lẹ́yìn ìwé wa, ojú tìẹ la máa tẹ̀ síbẹ̀?"

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ta ni yóò tún gbà mí síṣẹ́? Mo kùn ún, mo nù ún, mo tún kùn ún.

Ọjọ́ tí ìwé jáde, mo gbéra lọ sí àdúgbò àwọn aláwọ. Àdúgbò yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé. Mo fẹ́ sọ fún un, òun nìkan. Ìdí ẹ̀rọ omi ni mo bá a, láàárín àwọn tó tò. Ó ti gé àwòrán tí mo yà kúrò nínú ìwé ìròyìn, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

"Àbúrò mi tó yà á nìyí o!" ó pariwo. "Ṣé ẹ rí pupa kankan lọ́dọ̀ wa? Ẹni tó bá sọ pé omi wa ló ń kó àìsàn bá àwọn ọmọ, ẹ ní kó wá wò ó!"

Mo fà á lọ́wọ́, mo bẹnu sí i létí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má mu ún mọ́."

Ó wo àwòrán, ó wò mí. Ó gbé garawa rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ nù. Obìnrin kan tó pọn ìkókó sẹ́yìn ti gbé tirẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ da tiyín nù?"

"Ẹ bi àbúrò mi."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn aláwọ. Òun náà gbé kẹ́ẹ̀gì dání. Ó tẹjú mọ́ mi. Omi ń ya sínú garawa obìnrin náà.

"Mi ò mọ nǹkan kan," ni mo wí. "Ẹ má bi mí mọ́."