Orin Tí Ìyá Aránṣọ Gbé Mì

Ọmọ náà kò tíì sọ ju "Ì-ì-ì" lọ tí Ìyá Aránṣọ ti ń pàtẹ́wọ́.

"Fi orin sọ ọ́, ìyá mi! Bó bá ti di orin, kì í há lọ́fun!"

Ọmọ ọdún mẹ́fà náà panu mọ́. Ìyá rẹ̀, Olóhùn Iyọ̀, tó fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ, màmá rẹ̀, fún gbogbo ọlidé, gbé báàgì ọmọ padà kọ́ èjìká.

"Màmá, ẹ j-jẹ́ kí n máa mú un lọ."

"Háà! Kí ni mo ṣe?"

Ṣé òní ni wọ́n ti ń kọrin nínú ilé yìí ni? Nígbà tí Olóhùn Iyọ̀ wà ní kékeré, ọ̀rọ̀ á lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu bí òwú tó lọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ rí i pé kì í kólòlò bó bá ń kọrin, ijó ló jó yí máṣíìnì ká. Láti ọjọ́ náà, orin ni wọ́n fi ń tọrọ omi, orin ni wọ́n fi ń tọrọ iyọ̀. Káfíńtà, bàbá Olóhùn Iyọ̀, nìkan ni kì í dá sí i. Ó ní òun kì í ṣe ẹyẹ ẹ̀gà. Ìyàwó rẹ̀ a ní, "Fi í sílẹ̀ o jàre, ohùn ayùn!" Ayé dùn nígbà náà!

Olóhùn Iyọ̀ ní, "N ò f-fẹ́ràn orin yẹn, Màmá. Bí àlejò bá dé, ẹ ó ní kí n kọ ọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Bàbá ní tiwọn, wọ́n á kàn d-dá ayùn dúró, wọ́n á máa wò mí títí n ó fi sọ ọ́ tán."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Mo b-bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹ ó ti gbé orin."

Ara Ìyá Aránṣọ wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, ó yíjú sí ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ sọ, ìyá mi?"

"Ì-ì-ì..."

Orin ti dé ọ̀nà ọ̀fun Ìyá Aránṣọ. Ó gbé e mì. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan kó má baà pàtẹ́wọ́.

"Ì-ìyá àgbà, ẹ b-bá mi rán aṣọ fún ọmọláńgidi mi. Òtútù ń mú un."

Olóhùn Iyọ̀ rọra sọ báàgì kalẹ̀.

Ohùn ọmọ náà tín-ín-rín, ó sì há díẹ̀. Ìyá Aránṣọ ronú títí, bóyá bí ohùn Olóhùn Iyọ̀ náà ṣe rí nìyẹn lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Orin nìkan ló rántí.