Rídò Tí Oòrùn Kà

Ní Kambolé, nílẹ̀ Tógò, wọ́n ní bí ìkòkò Àyìnkẹ́ bá lu, kì í sunkún ìkòkò, ihò ló máa ń wá iṣẹ́ fún. Ìkòkò ti di ajere nìyẹn. Gèlè tó gbó di ìrọ̀rí, ìrọ̀rí tó gbó di aṣọ ìnulẹ̀. Aṣọ ìnulẹ̀ tó gbó ńkọ́? Ẹ má bi mí. Ó ṣì wà níbì kan nínú ilé náà, ó ń ṣiṣẹ́.

Àmọ́ nígbà tí Fáòsíátù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, rí ọkọ ní Sokodé, ẹ̀rù ba obìnrin yìí. Àzíìzì lorúkọ ọkọ, ọmọ Àlájì Tìjání tó ń ta ìrẹsì, tí àwọn baba rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Ohun kan ni Àyìnkẹ́ ń bẹ Ọlọ́run fún: kí ẹnikẹ́ni nílé yẹn má fojú ọmọ tálákà wo ọmọ òun.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká ra rídò ní Sokodé," Fáòsíátù bẹ̀ ẹ́. "Gbogbo ìyàwó ló ń ra aṣọ fèrèsé ẹ̀ lọ sílé ọkọ."

"Aṣọ tó kàn ń dúró sójú fèrèsé, òun la fẹ́ lọ rà wá láti Sokodé?"

"Màmá, àwọn ará ilé yẹn lójú o."

"Ṣé èmi fọ́jú ni?"

Ó ra aṣọ búlúù kan lọ́jà Tchamba. Ó fẹ́lẹ́ débi pé béèyàn bá sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fò. Rídò olówó sì rèé, wíwúwo ló máa ń wúwo. Kí la máa fi tẹ́ inú ẹ̀? Àyìnkẹ́ wo igun yàrá. Àpò ìrẹsì funfun tí Àzíìzì fi ru iṣu wá kí i wà níbẹ̀, wọ́n mọ́, wọ́n le. Ọmọkùnrin náà ti sọ pé, "Ẹ mú wọn, ìyá mi, wọ́n pọ̀ nílé ìkẹ́rù wa."

Lẹ́tà dúdú gàdàgbà wà lára wọn. Àyìnkẹ́ ò lè ka Faransé, ó rò pé orúkọ ìrẹsì ni. Ó dojú lẹ́tà kọ aṣọ búlúù, ó rán an pa sáàárín. Láti pálọ̀, búlúù lẹ máa rí. Láti òde, funfun. Ta ló máa tú u wò? Ògiri aládùúgbò ni fèrèsé tirẹ̀ dojú kọ ní Kambolé, oòrùn ò débẹ̀ rí.

Ọjọ́ tí ẹbí wá kí ìyàwó ní Sokodé, rídò ti wà lójú fèrèsé pálọ̀, ó dà wálẹ̀ bí agbádá. Àlájà Bọ́lá, àbúrò Àlájì, fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

"Ó wúwo o. Ṣé Cotonou lẹ ti rà á?"

Àyìnkẹ́ rẹ́rìn-ín kan tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Fáòsíátù wo ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ká ní oòrùn dúró sójú kan ni, ìtàn ti parí.

Oòrùn ò dúró. Lẹ́yìn ìrun àsárì, ó yí wá sẹ́yìn fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ inú rídò. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára búlúù lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹni pé ẹnì kan ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Àlájà Bọ́lá kà á síta. "Don. Ne peut être vendu." Ó tú u fáwọn àgbà. "Ẹ̀bùn ni. A ò gbọdọ̀ tà á."

"Àmín," ni ìyá arúgbó kan wí. "Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìyàwó."

"Àmín kọ́, ìyá. Àpò ìrẹsì ni. Èyí tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ fáwọn tí ò rí jẹ."

Fáòsíátù fa ìbòrí bojú. Ojú gba Àyìnkẹ́ tì débi pé etí rẹ̀ ń dún. Òun tí kò tò síbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ rí! Ó la ẹnu láti sọ ibi tí àpò ti wá, ọ̀rọ̀ ti dé ahọ́n, ló bá há síbẹ̀. Bí a ò bá gbọdọ̀ ta ìrẹsì yìí, kí ni àpò rẹ̀ ń ṣe nílé ìkẹ́rù oníṣòwò?

Ó wo Àlájì. Àlájì ń wo kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ síbẹ̀.

Ilé ọkùnrin yìí ni ọmọ òun máa gbé. Àyìnkẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mì.

"Mo tọrọ wọn ni," ó wí. "Ẹ má bínú."

"Ẹ ò gbọ́?" ni Àlájà Bọ́lá wí.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Àzíìzì dìde, ọkọ tuntun tó fẹ́ gbèjà ìyá ìyàwó.

"Àǹtí, ẹ fi ìyá mi sílẹ̀. Wọn ò tọrọ nǹkan kan. Èmi ni mo fún wọn. Àwọn àpò tí a ń tú ìrẹsì inú wọn sínú òmíràn ká tó gbé e lọ sí ìsọ̀ ni. Wọ́n kún ilé ìkẹ́rù. Bàbá, àbí wọn ò kún ibẹ̀?"

Láti kékeré ló ti ń rí àpò yẹn, kò fìgbà kan kà á. Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ó sì rọra jókòó.

Àwọn àlejò tó ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ Àlájì ń wo ara wọn. Ẹnu Àlájà Bọ́lá ò pa dé mọ́. Ọrùn Àlájì ń wọ inú bùbá lọ díẹ̀díẹ̀ bí orí ahun.

Ìtìjú ti àkọ́kọ́, Àyìnkẹ́ mọ bó ṣe máa rù ú. Èyí ò ní etí tí èèyàn lè dì mú. Ó dìde, ó lọ síbi fèrèsé, ó di rídò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán mú, ó sì fà á gba ẹ̀gbẹ́ kan pátápátá. Oòrùn rọ́ wọlé sójú gbogbo èèyàn. Gbogbo wọn gbọ́wọ́ bojú, ẹnì kan ò rí ẹnì kejì.

"Màmá, oòrùn," Fáòsíátù sọ jẹ́jẹ́.

"Jẹ́ kó wọlé díẹ̀."

Nígbà tí oòrùn bọ́ sẹ́yìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lódì kejì, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ti Àlájì ò sọ̀.

"Ìyá Fáòsíátù," ó wí láti ẹ̀yìn ọwọ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Àlájà Bọ́lá sún fún un, kò sì dúró kí wọ́n ní kó sún. Àyìnkẹ́ jókòó. Àlájì wá sọ ọwọ́ kalẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń wo ilẹ̀.