Iná Tó Ń Falẹ̀ Lójú Fèrèsé Mi

Àárín èrò ni ojú wa ti ṣe mẹ́rin. Ọkọ̀ ojú omi ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, gbogbo wa ń tira wa bọ̀ lórí afárá onípákó, ó sì ti rẹ oníkálukú débi pé kò sẹ́ni tó ráyè bínú. Mo di ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ́yà. Òun gbá gílóòbù iná ńlá kan mọ́ra bí ọmọ tuntun, ó ń bẹ èrò pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi fọ́ ọ o!" Ó wò mí, mo wò ó. Ó rẹ́rìn-ín. Èrò gbé mi lọ.

Gílóòbù yẹn ni mo fi mọ̀ pé òun ló ń tọ́jú ilé gogoro tó dá wà láàárín omi, tí iná orí rẹ̀ máa ń yí lóru kí ọkọ̀ má baà forí sọ àpáta.

Àdúgbò wa kọjú sí i. Àwọn ilé wa tò lẹ́bàá omi gbọọrọ bí ògiri kan ṣoṣo, àárín gan-an ni yàrá mi sì wà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kíyè sí i: bí iná bá dé fèrèsé mi, á falẹ̀. Á rọra gba orí tábìlì, á gba orí ìwé tí mò ń máàkì, á kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Tó bá ti kọjá, eré ló máa sá dé òpin àdúgbò.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ilé tó kẹ́yìn, ní, "Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹni tí ajá ń lé ni. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti lọ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń dá iná dúró fún mi ni."

"Ta ni?"

"Ẹni tó ń tọ́jú iná."

"Háà! Ìwé ìfẹ́ tó ò ń kà ti yí ẹ lórí. Lọ sùn jàre."

Mi ò lọ. Mo kọ lẹ́tà: mo ní mo rí ohun tó ń fi iná ṣe, pé èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó wá kí mi. Orí tábìlì náà ni oorun ti gbé mi lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, táńjẹ́ǹtì ló kàn nínú ìṣirò tí mò ń kọ́ wọn ní kíláàsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tòògbé, èmi gan-an ń fara ti pátákó. Kí ojú wọn lè là, mo ya ilé iná wa, mo fa ìlà tààrà láti ara rẹ̀ dé ilé tó sún mọ́ ọn jù.

"Bí iná bá ti yí kúrò lórí ìlà yìí, igun nìyẹn. Ẹ fi táńjẹ́ǹtì igun náà sọ gígùn ìlà yìí di púpọ̀, ẹ ó mọ ibi tí iná dé ládùúgbò."

Mo ń fi ìwọ̀n kan náà kún igun, mo ń sàmì. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn àmì náà fara kanra. Nígbà tó yá, wọ́n ń fò.

"Tíṣà," ọ̀kan nínú wọn ní, "ṣé iná náà ò yára sí i ni?"

"Bó ṣe ń yí náà ló ń yí."

"Ilé àárín ló kàn ń jẹ̀gbádùn!"

Ṣọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ mi. Ilé àárín, ilé mi ni. Kò sẹ́ni tó dá iná kankan dúró fún mi. Táńjẹ́ǹtì lásán ni. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Àfi bí ẹni pé gbogbo àárẹ̀ ọdún náà ló jókòó lé mi léjìká.

Nírọ̀lẹ́, mo dúró létí omi, mo fẹ́ ya lẹ́tà náà dànù. Èrò ń rọ́ kọjá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí."

Òun ni. Ojú rẹ̀ pọ́n bíi tèmi.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ tún sùn lórí ìwé lánàá."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo rí yín ni. Gbogbo ilé ló ń sá kọjá lójú mi lókè yẹn, àyàfi fèrèsé kan tí iná ń pẹ́ díẹ̀ lójú ẹ̀. Mi ò lè dá a dúró o, ẹ̀rọ ló ń yí i. Ṣùgbọ́n tó bá ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín, mo máa ń fi oúnjẹ sílẹ̀ wò yín." Ó wolẹ̀. "Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí bíi kí n sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ dùbúlẹ̀."

"Ẹ yà lọ́nà fún wa, ẹ̀yin olólùfẹ́!" ẹnì kan kígbe látẹ̀yìn.

Ẹ̀rín pa mí. Mo fa lẹ́tà náà yọ, ó ti rún.

"Ìṣirò inú ẹ̀ ò tọ̀nà," mo ní, "ṣùgbọ́n òótọ́ ni ìyókù."

Mo nà án sí i. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á.